Kànìnkànìn Tí O Fi Sílẹ̀

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi tí wọn ò mọ̀ mí ju ohùn orí fóònù lọ. Bàbá onílé ti tún òrùlé ṣe, òjò ò wọlé mọ́. Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń rìn.

Inú run mí lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè jẹun. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì wá wò mí, ó wọ kíṣìnnì, ó sì gbọ́ òórùn kànìnkànìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì.

Ó ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ eléyìí nù?"

Àfọwọ́fà ni. Àkísà tí mo fi ń nu ẹ̀jẹ̀ ẹran náà ni mo fi ń nu ṣíbí. Ó ní kí n máa se àkísà nínú omi híhó, kí n sá a sóòrùn, kí ti ẹran sì wà lọ́tọ̀.

Mi ò lè sọ fún un pé kànìnkànìn yẹn lo fi fọ abọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí o lọ, pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ti sọ ọ́ nù báyìí. Ó ní kí tuntun máa gbẹ dáadáa kí n tó tún lò ó. Ìyẹn ò le: abọ́ kan ṣoṣo ni mò ń fọ̀ lójúmọ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má ra nǹkan kan fún mi. Ẹ ṣáà wá jẹun, kí abọ́ kún síńkì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ