Ebè Nafiou Ní Erékùṣù

Nafiou, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ ní Libreville. Ara Bàbá ti ń yá. Oògùn tí o fowó rẹ̀ ránṣẹ́ bá orúnkún wọn mu. Kajú náà tà díẹ̀ lọ́dún yìí.

Mo lọ wo Ìyá Àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Mo gun ọ̀kadà zémidjan gba abúlé orí òkè kọjá dé Bétérou, mo wá wọ ọkọ̀ àjẹ̀ dé erékùṣù wọn. Ojú Ìyá Àgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sóko, wọ́n sì fọwọ́ kan ebè kan: “Ti Nafiou nìyí.”

Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ ebè tìrẹ láti ìgbà tí o ti lọ. Bí iṣu rẹ̀ bá ta, àlejò tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń sè é fún, kí ẹlòmíràn lè fún ọ lóúnjẹ níbi tí o wà.

Wọ́n bi mí pé, “Ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ níbẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Jọ̀ọ́, wá fọwọ́ ara rẹ wa iṣu ọdún yìí. Ojú wọn ò ní rí ọ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn á mọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bilkis