Kíráńkì Máṣíìnì Bàbá Mi

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Ara mi kò tíì balẹ̀.

Lánàá, mo tú ẹ́ńjìnì máṣíìnì àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo gbé kíráńkì rẹ̀, irin tó máa ń yí nínú ẹ́ńjìnì, sórí tábìlì ní fàráńdà. Bí mo ṣe ń fọwọ́ yí i, abẹ́rẹ́ géèjì tí mo fi ń wò ó bóyá ó tọ́ ń fò sókè sódò. Irin náà ti wọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé láti Ìbàfò lónìí, mo tún yí i. Abẹ́rẹ́ kò mì rárá. Mo tún géèjì tò, síbẹ̀ kò mì: irin náà ti tọ́.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ rán bàbá yẹn wá?" ìyàwó mi dáhùn. "Wọ́n ń fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́. Mo gbómi fún wọn, wọn ò mu."

Mi ò rán ẹnikẹ́ni, àmọ́ bí bàbá mi ṣe máa ń tọ́ irin nìyẹn. Mo fi fọ́tò bàbá mi hàn án. Wọ́n ti kú kí èmi àtiyàwó mi tó pàdé.

Ó wò ó pẹ́. "Àwọn náà ni. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má gùn ún dé títì márosẹ̀ o."

Títì yẹn ni wọ́n kú sí, lórí máṣíìnì yìí. Mi ò sọ ọ́ fún un rí.

Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú tábìlì. "Ẹ ṣé, Bàámi. Mo ti gbọ́."