Ewé Tí Màmá Já fún Délé

Enugu, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, 1958

Màá fi Yorùbá kọ èyí, nítorí Yorùbá ni mo fi pa irọ́ náà.

Láàárọ̀, ara àbúrò mi, Délé, gbóná. Màmá, ìyá bàbá wa tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, dúró ti igi òdòdó mi lẹ́yìnkùlé.

"Ewé kí lèyí, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù?"

Erékùṣù Sẹ́ńtì Hẹlẹ́nà, láàárín òkun, nìkan ni igi yẹn ti ń hù fúnra rẹ̀ láyé. Olùkọ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù ló fún mi ní irúgbìn rẹ̀ nígbà tí mo ń kàwé níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe lára, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Ewé dáadáa ni, Màmá."

Nígbà tí mo fi ti àdúgbò Ogui dé, Màmá ti gbo ewé náà, Délé sì ti mu ún. Oorun ló ń sùn látìgbà náà. Mo ń gbé etí sí imú rẹ̀. Tó bá jẹ́ májèlé ni…

Nírọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, irọ́ ni mo pa. Mi ò mọ ewé yẹn."

Kò bú mi. Ó pọn Délé. "Já èyí tó kù, kí dókítà rí i."

Dókítà gbóòórùn ewé náà, ó mi orí, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n dá Délé dúró sí ọsibítù, wọ́n ní kí n lọ wo orúkọ igi náà nínú ìwé tí mo ní nípa igi.

Mo ti wò ó. Bàbá ti gun kẹ̀kẹ́ gbé orúkọ igi náà lọ fún dókítà. Odidi ojú ewé kan ni ìwé náà fi sọ bí òdòdó igi náà ṣe funfun tó. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó bá mu omi ewé rẹ̀.