Àyẹ̀wò Tí Mo Fẹ́ Ṣe Dípò Rẹ

Géraud, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Kútọnu, Ọlọ́run tí ó ṣọ́ wa títí di àná yóò ṣọ́ ọ níbi tí o wà. Ara wa le díẹ̀. Àgbàdo ti gbó, àwọn ewúrẹ́ Ràmọ́nù aládùúgbò wa sì ti jẹ ìdajì rẹ̀, ó ní kí n má bínú, mo ní n ò bínú, ṣùgbọ́n mo ń bínú.

Ọ̀rọ̀ Félicité ìyàwó rẹ ni mo tìtorí rẹ̀ gbé kálámù. Ó wá bá mi ní Idigny níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ó ní ọdún keje rèé tí ẹ ti ń wá ọmọ, dókítà sì ní kí tọkọtaya jọ wá ṣàyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ìwọ ní nǹkan kan kò ṣe ọ́, kí òun nìkan máa lọ. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Mo wo ìwé náà, ibi tí orúkọ ọkọ yẹ kó wà ṣófo. Mo ní kí la ń da ara wa láàmú sí? Ohun tó wà lára rẹ, ara mi ló ti wá, ọmọ méje ni mo sì bí. Mo wẹ̀, mo wọ agbádá ọdún Àjíǹde mi, èmi àti Félicité lọ sí ilé ìwòsàn ní Kétou, mo sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n yẹ tèmi wò, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí i.

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá, ẹnìkan kì í ṣe é fún ẹnìkejì. Ó wá bi mí bóyá àìsàn kan ṣe ọ́ rí ní kékeré. Mo fi gbogbo ẹnu dáhùn pé sẹ́gede mú ọ lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ rẹ, ibẹ̀ wú débi pé o kò lè rìn, ìyá rẹ ní ká gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn, mo ní rárá, báyé bá gbọ́, ta ni yóò fún ọ níyàwó? Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni, ó lè má jẹ́ ibẹ̀, àfi kí ọkọ fúnra rẹ̀ wá. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé Félicité jókòó tì mí.

Kò sunkún. Ọ̀kadà zémidjan kan ló gbé wa bọ̀. Nígbà tí a délé, ó bi mí pé àgbo tí mo ń fún òun mu láti ọdún méje, èyí tí ó máa ń mú òun bì, ṣé mo mọ̀ pé ó lè má jẹ́ ara òun ni àìsàn wà? Géraud, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura. Ojú ló tì mí, mo sì jẹ́ kí ẹbí máa pè é ní àgàn níṣojú mi. Ó ti di ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Adakplamè. Ó ní bí o bá bá òun lọ ṣe àyẹ̀wò náà, kódà kí ìwé sọ pé kò ní sí ọmọ, òun yóò bá ọ gbé. Bí o kò bá lọ, òun ò padà mọ́.

Jọ̀ọ́ wá. Má fi ìtìjú mi ṣe tìrẹ.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lè lọ bẹ àwọn àna wa, ṣùgbọ́n má fi í sínú fóònù, torí ojú fóònù mi ti sán, n ò fẹ́ kí owó jò dànù. Fún awakọ̀ kan kó bá mi gbé e wá.

Mo fẹ́ súre ọmọ fún ọ bí mo ti máa ń ṣe, àmọ́ ire tí mo ń sú láti ọdún méje yìí, Félicité ni mo ń fi bú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o bá a ní ilé bàbá rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó yí. Àmín.

Èmi bàbá rẹ, Clément