Ìbọn Mẹ́ta tí Ọdẹ Kò Yìn

Ilé Akọ́ládé,
Abúlé Oníyanrìn,
Ọ̀nà Ìlọ́fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ.

Ṣògo ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ kékeré tí mo gbọ́ pé ó ti ń fẹsẹ̀ rìn. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí àìsàn. Ní tèmi, ara mi le, àfi orúnkún tí ó máa ń dùn mí bí òjò bá ti ṣú. Ọkàn mi ni kò le. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni o sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, o sì pa á. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó, kí o kà á tán.

Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, odò wa sì kún títí dé ẹsẹ̀ afárá. Hussainat, ẹnì kejì mi tí a jọ ń dẹ igèrè láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́, ti dẹ igèrè mẹ́rìnlá láti oṣù Karùn-ún. Àràárọ̀ ni ó ń lọ wò wọ́n kí èmi tó lọ sí ilé ìwé. Ewé àti ẹrẹ̀ ni ó ń bá nínú wọn. Láti oṣù mẹ́ta, gbogbo ẹja tí a rí kò kún igbá kan, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò sì gùn ju ìka mi lọ. O rántí ààrò ìyanja tí ìyá àgbà fi amọ̀ mọ, tí ó fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́? Ẹja inú ààrò yẹn ni a fi rán ọ lọ sí ilé ìwé gíga, nítorí owó oṣù tíṣà kò tó. Adìyẹ ti ń yé sínú rẹ̀ báyìí.

Jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ ìsìnkú ìyá àgbà nínú oṣù Kìn-ín-ní, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé olórí ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ kí ó tó kú. O sì mọ àṣà abúlé wa: bí ìyàwó olórí ọdẹ bá dàgbà kí ó tó kú, ìbọn méje ni àwọn ọdẹ máa ń yìn fún un láti inú igbó ẹ̀yìnkùlé, bí wọ́n bá ti ń sọ òkú kalẹ̀, gbogbo àwa tí a wà lẹ́bàá sàréè a sì máa kà á sókè. Bàbá Sulaiman ni olórí ọdẹ báyìí. Ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ ni ó ti kọ́ṣẹ́ ọdẹ, ìyá àgbà ni ó sì ń fún un ní oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tí ó fi kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ náà, a ka ení, a ka èjì, a ka á dé èje. A ti fẹ́ máa da yẹ̀pẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ẹ̀kẹjọ. Ó wúwo ju àwọn ti àkọ́kọ́ lọ, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀kẹsàn-án dún. Ẹ̀kẹwàá dún. Ariwo ayọ̀ sọ! A ní àwọn ọdẹ ti fi mẹ́ta lé e, pé irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Èmi fúnra mi jó dé etí sàréè, orúnkún mi kò tilẹ̀ dùn mí.

Nígbà tí Bàbá Sulaiman jáde láti inú igbó, àwọn ènìyàn rọ́ bò ó, wọ́n ń dúpẹ́ ìbọn mẹ́ta àlékún. Mo rí i pé ó dúró díẹ̀, ó sì bojú wẹ̀yìn wo àwọn ọmọ ọdẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó tọ́ sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ó ṣàlàyé fún baálẹ̀ nígbà tó yá pé òun rò pé àwọn ọmọ òun ni wọ́n yìn ín láì béèrè lọ́wọ́ òun, òun kò sì fẹ́ bá wọn wí lójú àlejò níbi ìsìnkú ìyàwó ọ̀gá òun. Inú rere ni ó fi gba ọpẹ́ ohun tí kò ṣe. Ọpẹ́ yẹn ni ó kó o sí wàhálà.

Ìwọ náà rántí pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ń ráhùn pé àwọn àlejò láti Àbújá àti Ìlọrin ti pọ̀ ju ẹja gbígbẹ tí mo ní lọ. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, o gbé abọ́ ńlá mẹ́ta tó kún fún ẹja tútù wá sí ilé ìdáná, àrọ̀ àti ẹpìyà, o ní o rà á lọ́wọ́ àwọn apẹja ní ọ̀nà Ọ̀sì. Ṣògo, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń la inú ẹja. Nígbà tí mo la àwọn yẹn, ìfun wọn ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ kún inú wọn, ojú wọn sì pọ́n. Mo mọ̀ pé ẹja tí a fi àwọ̀n tàbí igèrè mú kì í rí bẹ́ẹ̀. N kò béèrè. Mo sè é, àwọn àlejò jẹ ẹ́, wọ́n ń yìn mí, mo sì ń gba ìyìn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò ní gbé e lé ọ lórí.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí omi tí a pọn sílẹ̀ de ìsìnkú tán, Hussainat lọ fọ aṣọ ní odò, ó sì padà wá láì fọ nǹkankan. Ó kàn di ọwọ́ mi mú ni. Òórùn ni mo kọ́kọ́ pàdé kí n tó dé ibẹ̀. O mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo odò wa ń gbẹ, ó ku ibú kan ṣoṣo yẹn, inú rẹ̀ ni gbogbo ẹja máa ń kó jọ sí de òjò. Ìdí nìyẹn tí àwa obìnrin kì í fi dẹ igèrè síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ẹja náà ti léfòó, Ṣògo. Wọ́n bo ojú omi débi pé n kò rí omi. Àwọn tó ti rì sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n wú tí wọ́n sì ń jáde bọ̀. Àwọn ọmọ ẹja tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ fún mọ́ etí odò, ó funfun bí ẹni pé ẹnì kan da èlùbọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́, akàn, ejò omi, gbogbo wọn. Ohun tí o gbé wá sí ilé ìdáná mi kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó kú. Àwọn tó yẹ kí wọ́n yé sínú omi tuntun ni wọ́n kú tẹyin tẹyin.

Ẹ̀gbẹ́ ibú náà ti ya lulẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, igi ńlá ibẹ̀ sì wó sínú omi. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni omi náà fi rùn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí omi mìíràn nítòsí nígbà ọyẹ́. Àwọn kan sè é mu, àwọn kan kò sè é. Nínú kíláàsì mi, ọmọ mọ́kànlá ni ìgbẹ́ gbuuru dá dúró sílé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò sí èyí tó kú nínú wọn.

Baálẹ̀ pe gbogbo abúlé jọ. Ta ni ó yin nǹkan sínú odò? Kíá ni wọ́n rántí ìbọn mẹ́wàá. Ta ni ó ní ẹ̀tù ìbọn bí kò ṣe ọdẹ? Ta ni ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gba ọpẹ́ ìbọn mẹ́ta? Bàbá Sulaiman ń sọ pé, “Ùbọn méje ni a yìn. Ùbọn méje péré ni.” Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, àlàyé rẹ̀ kò sì wọ ẹnikẹ́ni létí. Wọ́n gba ìbọn rẹ̀, wọ́n ní kó má ṣe wọ igbó mọ́. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Pẹjapẹja. Èmi náà gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, n kò kúnlẹ̀ kí i.

Nínú oṣù Kẹta, mo gbá yàrá rẹ nítorí tíṣà tuntun kan tó ń wá ibi tí yóò dé sí. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí wáyà pupa àti wáyà yẹ́lò tí a lọ́ pọ̀, irú èyí tí ẹ fi ń yin ẹ̀tù níbi iṣẹ́ rẹ, pẹ̀lú àpò tí wọ́n kọ orúkọ ibi tí ẹ ti ń fọ́ òkúta náà sí lára. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ìgbà tí oòrùn yí. Ní ọjọ́ kejì, mo pe Yàkúbù, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, ẹni tó sọ fún wa pé ṣéènì ọ̀kadà ni ó gé ìka òun mẹ́ta lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo fi wáyà náà hàn án. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó ní ẹ̀tù kẹta ni ó bú kí òun tó jù ú sínú omi tán. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ àkókò yẹn gan-an. Ó ní, “Ṣògo ló ní ká dúró de ìbọn àwọn ọdẹ. Ó ní gbogbo èèyàn á rò pé tiwọn ni.”

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé a pè ọ́ láti da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè ìyá àgbà, a pè ọ́ títí, a kò rí ọ.

Ṣògo, mo bínú sí ọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè dá ọ lójú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ni o fẹ́ ṣe. Ẹja ni mo ní kò tó, o sì fẹ́ kí ojú má ti ìyá rẹ lójú àwọn ará Àbújá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yẹ òkú obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà ni o fi bo ohun tí ò ń ṣe mọ́lẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí bí mo ṣe jó sí ìró ẹ̀kẹwàá yẹn, mo máa ń yà kúrò ní ọ̀nà sàréè rẹ̀.

Mo bínú sí ara mi pẹ̀lú. Mo ti wáyà náà mọ́ inú àpótí aṣọ mi láti oṣù Kẹta. Mo ń dúró níwájú àwọn ọmọ, mo ń kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú odò, mo sì ń dákẹ́. Bí mo bá ń lọ sí ilé ìwé, mo máa ń rí Bàbá Sulaiman létí ibú, òun nìkan, tí ó ń to òkúta sí ibi tó ya lulẹ̀. Ó lé ní àádọ́rin ọdún. Hussainat bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní wọ́n kúkú ti sọ pé òun ni ó bà á jẹ́, kí òun kúkú máa tún un ṣe.

Ní ọ̀túnla, ọjọ́ Ẹtì, ni wọn yóò gba oyè ọdẹ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Èmi ń lọ síbẹ̀. Mo máa mú wáyà àti àpò náà dání, mo sì máa dárúkọ rẹ. Yàkúbù ti gbà láti bá mi lọ. Mo mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Iṣẹ́ rẹ lè bọ́, wọ́n sì lè wá mú ọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Ṣògo, kò sí ẹlòmíràn tí n óò máa wò. N kò ní jẹ́ kí lẹ́tà yìí kúrò lọ́wọ́ mi títí n óò fi dé láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀, kí o má baà pè mí kí o sì sunkún. Mo mọ ara mi. Bí o bá sunkún, n óò padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi.

Kí Ọlọ́run tó fi ọ́ jíǹkí mi má gbàgbé rẹ. Kí Ó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé ọ wálé fúnra rẹ kí ẹnikẹ́ni tó wá ọ wá. Kí ọmọ rẹ dàgbà, kí ó mọ òótọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Kí ilé rẹ má tú. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì kọ̀ ọ́,
Moróhunfọ́lá Akọ́ládé.

Àfikún. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Mo ti sọ ọ́. Mo tẹ́ wáyà náà sílẹ̀ níwájú baálẹ̀, Yàkúbù na ọwọ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Wọ́n gbé ìbọn Bàbá Sulaiman jáde fún un, kò tíì na ọwọ́ gbà á. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò gégùn-ún fún wa, mo sì ti pinnu pé n óò ṣe àmín. Ó bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó rọra béèrè pé, “Ìyá Ṣògo, ọmọ ọ̀hún, ṣé é rí oorun sùn?”

Ìwọ ni ìdáhùn yẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Kọ̀wé sí mi.