Orúkọ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ìyá àgbà mi,

Àná ni mo tó mọ ìdí tí ìkọ́ aṣọ yàrá mi kò fi ga ju ìbàdí mi lọ: ọmọ iléèwé ni wọ́n kàn án fún. Iléèwé àkọ́kọ́ abúlé yìí nilé tí mò ń gbé. Ìyá onílé, tó kàwé níbẹ̀, ló rà á. Kò jẹ́ kí wọ́n kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí gbogbo ẹni tó yege kọ orúkọ sí. Akin obìnrin ni.

Láàárọ̀ yìí, ó na bírò sí mi: "Akọ̀wé, tìẹ ló kù."

Mo rẹ́rìn-ín. Ara mi le, mò ń jẹun dáadáa. Mi ò kàn yege nínú ìdánwò ni.

Ẹ bá mi kí dádì, ẹ má tíì sọ fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ ọmọ méje, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún ìyá onílé?