Ìyá Ẹ-Dúró Ti Wọ Ọkọ̀ Tiwọn

A bí ìyá wa ọ̀wọ́n, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Ẹ-Dúró, ní ọdún 1938, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin abúlé wa. Bàbá wọn wà lára àwọn tó ń tún irin ṣe. Ìyá wọn ló ń gbá ilé ìdúró èrò. Ìró ọkọ̀ ló ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Ilé ìwé ìjọ ni wọ́n lọ, ìwé orin ni wọ́n sì fi mọ̀wé kà dáadáa. Ní 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ náà.

Ní 1960, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, ẹni tó ń ju àsíá aláwọ̀ ewé kí ọkọ̀ tó ṣí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá á ju àsíá pé kí ọkọ̀ máa lọ, bí ìyá wa bá tajú kán rí ẹni tó ń sáré bọ̀ tòun tẹrù lórí, wọ́n á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á ké pé, “Ẹ dúró o!”

Awakọ̀ á ní, “Ìyàwó, ṣé bàbá rẹ ló ni ọkọ̀ ni?”

“Bàbá mi tó ń bẹ lọ́run ló ni ín. Ẹ dúró!”

Ọkọ̀ á dúró. Bàbá á rọra ká àsíá, wọ́n á máa wojú ọ̀run bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Ní 1986, àṣẹ dé pé ọkọ̀ kò ní gba ọ̀dọ̀ wa mọ́, àti pé wọ́n ń bọ̀ wá ti ilé ìdúró náà pa. Inú ilé yìí ni ìyá wa ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n ní kò ní tì. Wọ́n bẹ káfíńtà, ó tú ilẹ̀kùn, ó kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀kùn di tábìlì. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbé àgádágodo dé, ìyá wa kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilẹ̀kùn wo lẹ fẹ́ tì?” Ọ̀gá wọn bú sẹ́rìn-ín, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Títí dòní, ilé náà kò tì mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Bàbá ṣáájú ní 2004. Màmá ń bá ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kọrin lọ títí ohùn wọn fi há. Wọ́n ní Ọlọ́run gbọ́ ohùn híhá náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, a yí ibùsùn wọn ká, a ń ké pé, “Màmá, ẹ dúró!” Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ̀ tiwọn kò dúró.

Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ilé kan tí kò ní ilẹ̀kùn ló gbẹ̀yìn wọn. Orí tábìlì ọjọ́sí ni pósí wọn wà lónìí.

Ẹ sùn re o, Màmá. Kí ẹ bá ẹnubodè ògo ní ṣíṣí. Bí ẹ bá sì rí wa tí à ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, tàwa tẹrù wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọrí lójú fèrèsé, ẹ bá wa ké e.